Sálámà Kì Í Ṣe Àṣá

 

Ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jàmáà mọ́ṣáláṣí ní Ìlógbò-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà méjì-mẹ́ta tí àwọn ọmọ wa ń tẹ̀ sórí fóònù ni.

Bàbá kan nínú jàmáà wa gbé fóònù rẹ̀ wá fi hàn wá. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ló kọ̀wé sí i, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni “ASA Baba”, ó fi “JZK” parí rẹ̀. Bàbá ní kí a bá òun wò ó, àṣá wo ni ọmọ òun rí tó ń kébòòsí? A sọ fún un pé sálámà ni ọmọ kí i, àti pé JZK yẹn, “Jazaakallaahu khayran” ni. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ṣé ọmọ tí mo rán lọ ilé kéú fún ọdún mẹ́fà ni kò lè kí mi tán?” A kò rí èsì fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ló bí ìgékúrú yìí. Ní ọdún 1985, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedhelm Hillebrand wà lára àwọn tó ń ṣètò bí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yóò ṣe rí, òun ló sì dábàá pé àmì 160 tó fún ẹyọ kan. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí ó kọ́kọ́ wà ní Èkó, Àbújá àti Port Harcourt kí ó tó rìn dé ọ̀dọ̀ tiwa, owó ni wọ́n ń gbà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá 160, owó méjì ni yóò san. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ni pé bí ẹ bá fi ẹ, ọ, ṣ tàbí lẹ́tà Lárúbáwá ẹyọ kan ṣoṣo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, àyè 160 yóò já sí 70. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá tàbí Lárúbáwá bó ṣe yẹ níyà! Ṣùgbọ́n lórí WhatsApp tí tọmọdé tàgbà ń lò lónìí, ọ̀rọ̀ 160 kò sí mọ́. Àwáwí ti tán, àṣà kò tán.

Àwa tí a jókòó nílé kéú kò sì lè sọ pé ìgékúrú burú. Inú kítáábù wa ló pọ̀ sí. Ẹni tó bá ṣí ìwé hádíìsì àtijọ́ yóò rí “thanaa” dípò “haddathanaa”, yóò sì rí lẹ́tà háà kan ṣoṣo níbi tí onímọ̀ ti fò láti ọ̀nà ẹ̀gbàwá kan bọ́ sí òmíràn. Nínú Qaamuus ti al-Fayruuzaabaadii, lẹ́tà dáálì dúró fún ìlú, jíìmù dúró fún ọ̀pọ̀, míìmù dúró fún ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Suyuutii náà lo kháà fún Bukhaarii, ó lo míìmù fún Muslim, ó sì lo qáàfù fún èyí tí àwọn méjèèjì gbà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe. Wọ́n ti ṣàlàyé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iwájú ìwé kí wọ́n tó lò ó. Bákan náà ni àrokò àwọn baba wa. Ẹni tí wọ́n fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ẹfà ni, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹnà bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ṣẹ̀ wá, èyí tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n máa fi ẹnà kí ìyá àgbà.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ ni sálámà fúnra rẹ̀ àti ìtọrọ ìkẹ́ fún Ànábì. Àdúà ni sálámà. Nínú hádíìsì tí Abu Daawuud àti Tirmidhii gbà wá, ọkùnrin kan kí “As-salaamu alaykum”, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ẹ̀san mẹ́wàá ni. Ẹnìkejì fi “wa rahmatullaah” kún un, ó di ogún. Ẹnìkẹta kí i dé “wa barakaatuh”, ó di ọgbọ̀n. Ta wá ni yóò bá wa ṣírò ẹ̀san ASA? Àwọn mìíràn tún ń kọ “Sam”, wọ́n ní ìyẹn náà ti tó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Ànábì, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn Júù wọlé tí wọ́n yọ láàmù kúrò nínú sálámà. “Saam” tí wọ́n kí, ikú ni ìtumọ̀ rẹ̀, Ààṣá ìyàwó rẹ̀ sì bínú gidigidi. Bukhaarii àti Muslim gbà á wá. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín àlàáfíà àti ikú. A kò sọ pé ọmọ tó kọ “Sam” ń ṣépè, èrò ọkàn ló ṣe kókó. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tó ń kọ.

Ní ti Ànábì, Ibn as-Salaah, onímọ̀ hádíìsì tó kú ní ọdún 643 lẹ́yìn Híjírà, kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe sú wọn láti kọ ìtọrọ ìkẹ́ náà tán, kí wọ́n má sì fi lẹ́tà bíi méjì rọ́pò rẹ̀. Suyuutii mú un wá pé wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ gé e sí “sal'am”, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gé. “Wọ́n ní” ni, a kò sì kọ́lé sórí “wọ́n ní”. Àwọn ìwé ìròyìn Mùsùlùmí tí a kà ní kékeré máa ń tẹ S.A.W. nítorí àyè tó há. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì bu ọlá fún wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pé ló dùn mọ́ wa nínú.

Ọ̀rọ̀ “wọ́n ní” yìí ló wá gbé wa dé ibi tó ń dùn wá jù, ẹ̀yin àgbà ló sì kàn. Iṣẹ́ kan wà tó ti ń yí kiri láti orí fóònù kan sí èkejì láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí Mùsùlùmí má kọ “mosque” mọ́ nítorí pé ẹ̀fọn ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní “Mecca” túmọ̀ sí ilé ọtí, ó ní ẹni tó bá gé orúkọ Muhammad sí “Mohd” ti pè é ní ajá ẹlẹ́nu gbàgàdà. Níparí, yóò ní kí o fi ránṣẹ́ sí gbogbo Mùsùlùmí tí o mọ̀. Irọ́ ni. “Masjid” tiwa gan-an ló wọ èdè Sípéènì tó di “mezquita”, tó di “moschea” lẹ́nu àwọn ará Ítálì, tó di “mosquée” lẹ́nu àwọn Faransé, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá pè é ní “mosque”. Ẹ̀fọn ní tirẹ̀, inú “mosca”, eṣinṣin lédè Sípéènì, ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Wọn kò bá ara wọn tan rárá. Ìjọba Saudi ń kọ “Makkah” nítorí pé ó súnmọ́ bí Lárúbáwá ṣe ń pè é, kò kan ọtí. Ẹ lọ wo ẹsẹ kẹfà nínú Súúratul-Hujuraat, kí ẹ rí ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ lórí ìròyìn tí a kò tíì wádìí. Ẹni tó bá fi irọ́ gbèjà ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ló dójú tì.

Àìmọ ìtumọ̀ kò mọ sọ́dọ̀ tiwa. Ní ọdún 2012, Rebekah Brooks, tó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn, sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù pé David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, máa ń fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun. Ó rò pé “ìfẹ́ púpọ̀” ni, títí òun fi sọ fún un pé ẹ̀rín ni. Ẹ wo ẹni tó bá fi irú rẹ̀ kí olókùú! RIP pẹ̀lú, àdúà àwọn Kìrìsìtẹ́nì fún òkú wọn ni láti ayé àtijọ́. Nínú ẹbí kan náà ní Èkìtì, tiwa wà níbẹ̀, tiwọn wà níbẹ̀, a kì í sì bá ara wa jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tí Mùsùlùmí kú fún ní “Innaa lillaahi” tirẹ̀.

Yorùbá náà ń jìyà. Ọmọ kọ “Baba n bo” láìfi àmì sí i. Ṣé bàbá ń bọ̀ nílé ni, àbí bàbá ń bọ òrìṣà, àbí ó ń bó èèpo iṣu?

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì gba owó. Nínú ètò ìtẹ̀wé orí ọ̀pọ̀ fóònù ayélujára, àyè wà tí ẹ ti lè kọ́ ọ pé bí mo bá tẹ “asl”, kí o bá mi kọ sálámà dé “wa barakaatuh”. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó ṣe é. Fún Ànábì, àmì kan wà tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí gbogbo ìtọrọ ìkẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀ ní Lárúbáwá láìgé nǹkan kan kúrò: ﷺ. A ti fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Kí wọ́n bá bàbá àti ìyá wọn ṣe é sórí fóònù kí ìsinmi tó parí. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò bá sí nílé, kí ó mú fóònù rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀.