Kòkòrò Inú Orí Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù bá pé, ẹni tó bá ń gbé Mowe bíi tèmi kò nílò kàlẹ́ńdà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni yóò sọ fún un. Ọkọ̀ yóò tò láti Ìbàfò títí dé Àgọ́ Ìràpadà, àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá àti gàlá yóò sì máa sáré láàárín wọn. Ní ọ̀kan nínú irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò mi kan, ìyá tí ń ta aṣọ òkìrìkà, kan ilẹ̀kùn mi. Ó ń mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ fún àdúrà, ó sì fẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, bá mi bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Wọ́n ti ta ọfà sí ọpọlọ rẹ̀," ni ìyá náà wí.

Ọmọ náà wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, ìdánwò rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jókòó, ó wolẹ̀. Nígbà tí yóò fi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ti ṣí ìwé, ojú mi á máa ṣú. Mo lè ka ojú-ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí ohunkóhun má dúró níbẹ̀. Nígbà mìíràn, á máa ṣe mí bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí mi." Bí ó ti sọ èyí tán ni ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn rí, àní nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gbé ayé kí a tó bí ìyá rẹ̀ pàápàá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Raymond Prince wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà ní Àró, ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ráhùn nípa ohun kan náà: wọn kò lè kàwé, ohun tí wọ́n kà kò dúró, ojú ń ṣú wọn, orí ń gbóná, bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ní 1960, ó kọ nípa rẹ̀ jáde. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ni ó lò, ìyẹn "brain fag", èyí tí a lè pè ní àárẹ̀ ọpọlọ.

Prince rò pé ẹ̀kọ́ òyìnbó tó jẹ́ àjèjì sí ìgbésí ayé wa ni ó fà á. Èmi kò fara mọ́ ìyẹn tán. Kí orúkọ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń fi í pe àárẹ̀ àwọn tí ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni ti ọmọ ilẹ̀ wa, Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀, oníṣègùn ọpọlọ, ẹni tó kọ̀wé ní 1980 pé kí a wo àníyàn àtiyege, àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ tàbí tí wọ́n ń mu láti fi lé oorun lọ. Ní 1994, ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ ka àárẹ̀ yìí mọ́ àwọn àìsàn tó jẹ́ ti àṣà kan pàtó. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọn kò kà á sí àìsàn tó dá dúró mọ́ nínú àtòjọ náà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àtòjọ tiwọn. Àwa ṣì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ní in.

Mo bi ọmọ náà pé wákàtí mélòó ló ń sùn. Ó ní méjì, tàbí mẹ́ta bí iná bá lọ. Mo bi í pé kí ni ó ń mu. Ó ní agolo ohun mímu afúnnilágbára mẹ́ta lóru, àti obì.

N kò lè bá a wí. Ní ọdún tí mo ṣe àṣekágbá, èmi náà ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi tútù kí oorun má baà gbé mi, mo sì ń jẹ obì bí ẹni tó fẹ́ ṣe ọdún. Nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, mo wo ewì kan tí mo ti kọ́ ẹlòmíràn, n kò sì dá a mọ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní tí mò ń kọ ọ́ yìí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀. Ẹni tó kàwé mọ́jú dà bí ẹni tó kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, tí kò jẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn. Kafiíìnì tó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì, kì í sì í tètè kúrò lára. Bí o bá mu kọfí ní agogo mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí ìdajì kafiíìnì rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ ní agogo mẹ́ta òru.

Nígbà tí mo dábàá dókítà, ìyá rẹ̀ yí ojú padà. "Ṣé o ní ọmọ mi ti ya wèrè ni?"

N kò dá a lẹ́bi. Títí di oṣù kìíní 2023, tí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ jáde, òfin àwọn asínwín ti 1958 ni a ń lò ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí òfin bá ń pè ọ́ ní asínwín, ta ni yóò fẹ́ kí a rí ọmọ òun ní ẹnu ọ̀nà Àró? Mo wá rán an létí ohun kan tó mọ̀ dáadáa. Ní Àgọ́ Ìràpadà yìí ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó ní 2014, ilé àyẹ̀wò yunifásítì yẹn wà lára àwọn tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì dá àrùn náà mọ̀. "Màmá, àwọn èèyàn gbàdúrà nígbà náà, àbí? Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n lọ fún ìṣọ́ òru wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, ìyá tẹ̀ lé ọmọ padà sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ibẹ̀. Wọ́n yẹ ojú àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kí ó jáwọ́ nínú ohun mímu náà, wọ́n sì fi í lé agbaninímọ̀ràn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí: akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìyá náà dúró ti ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ń gbé, ó ń se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Láìmọ̀, ọ̀nà Lambo ni ó tọ̀. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó ṣètò ní Àró láti 1954 pé kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ìbátan rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí yóò máa dáná fún un, kí ó sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ọkùnrin yìí di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Mo máa ń ṣe kàyéfì bí a ṣe lè kó ọmọ mẹ́fà sínú yàrá kan lónìí, kí ọ̀kan nínú wọn máa sunkún lóru, kí àwọn márùn-ún yòókù má sì gbọ́.

Ọmọ náà ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kò yege, yóò sì tún un ṣe. Ìyá rẹ̀ ṣì ń pe èyí ní ọfà tó ṣẹ́kù, mi ò sì bá a jiyàn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá, ó gba iwájú ilé mi lọ sí ibi àdúrà, òun nìkan. Mo béèrè ọmọ.

"Ó ń sùn," ni ó wí. "Mo ní kí ẹnikẹ́ni má jí i."