Kí Ẹ Tó Ta Ohùn Yín



Ní oṣù tí ó kọjá, mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ọ̀tà. Àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sango ni wọ́n ń kọrin. Ohùn wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń bu oúnjẹ fi dúró ti ìkòkò tí wọ́n ń mi orí. Nígbà tí agbo tú, ọ̀kan nínú wọn, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, wá bá mi.

"Àǹtí, ẹnì kan fẹ́ gba ohùn wa sílẹ̀ kí ó máa tà á. Ó ní òun yóò rá aṣọ fún wa. Ṣé kí a gbà?"

Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n jọ kọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "A ò kọ nǹkan kan, Àǹtí. Ẹni wa ni."

Nítorí ẹ̀rín yìí ni mo ṣe sún ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ di oṣù tí ń bọ̀, kí n lè sọ ìtàn àwọn ìbejì kan fún yín.

Ìlú Jos ni a ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, ọdún 1948. Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n. Láyé tí ó jẹ́ pé ọkùnrin ni ó ń darí ẹgbẹ́ olórin, tí a sì ń fi obìnrin ṣe elégbè, àwọn méjèèjì dúró níwájú, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ orin ti ara wọn kọrin ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n da ìlù ilé wa pọ̀ mọ́ gìtá àti orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àwo wọn mẹ́rin jáde lọ́dọọdún: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Èmi fẹ́ràn èyí ìkẹyìn jù.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé wọ́n ti kọ́lé mẹ́ta. Àwọn fúnra wọn sọ fún àwọn oníròyìn pé owó tí àwo wọn pa kò dé ọwọ́ àwọn bí ó ti yẹ. Wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n bá Sunny Adé ṣeré níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, Táíwò sì gbé orin jù sílẹ̀ láti tọ́jú ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àìsàn dé, orin sì dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ṣì ń gbọ́ àwo wọn kárí ayé. Kẹ́hìndé kú ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, ọdún 2019. Ní ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ Numero Group tún Horizon Unlimited tẹ̀ jáde, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún abiyamọ Sango náà nìyí. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ tí ó pọ̀n yẹn lè jẹ nínú rẹ̀ títí yóò fi di arúgbó. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti fọwọ́ sí i pé òun ti tà á pátápátá, kí ni ọmọ yóò jogún? Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó ṣe orin kọ̀ọ̀kan, ìdá mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni wọn yóò máa ṣírò owó, ọdún mélòó ni àdéhùn náà yóò fi wà. Kí agbẹjọ́rò kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. (Owó agbẹjọ́rò kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń rá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù!) Kí àwọn márààrún sì fi ẹnu kò láàárín ara wọn ná, nítorí ìjà owó kì í mọ ọ̀rẹ́.

Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ti gbé e lọ bá "ẹni wa" náà. Títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, kò tíì dá wọn lóhùn.