Bíbéèrè Ìwé Ínṣọ́ránsì Kì í Ṣe Ìjà

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Rumuokwuta àti gbogbo Port Harcourt! Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn wá tipẹ́, ó sì tó kí a sọ ọ́ síta.

Bí ẹ bá dúró ní oríta Rumuokwuta láàárọ̀, ẹ óò rí bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Mile 3 àti èyí tó ń bọ̀ láti Rumuokoro ṣe ń fún ara wọn mọ́ ojú kan. Kò lè ṣe kí wọ́n má gbára wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń kọ wá lóminú. Wọ́n á gbá ọmọ Yorùbá láti ẹ̀yìn níbi tó dúró jẹ́ẹ́ sí, gbogbo èèyàn á rí i pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó gbá a á bọ́ sílẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀ tàbí kó máa pariwo, àwọn tó wà níbẹ̀ á ní kí ó fi ṣe ti Ọlọ́run. Ọmọ wa á wá rántí pé àlejò lòun, á wa ọkọ̀ tó ti wó lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ pé kí a ran òun lọ́wọ́.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bá onílẹ̀ jà o. Àwọn Ikwerre tó gbà wá, a mọ oore wọn, ìwà pẹ̀lẹ́ ló sì jẹ́ ká pẹ́ láàrin wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ yé ka bíbéèrè ìwé ínṣọ́ránsì mọ́ ìjà. Owó náà kò ní ti àpò onílẹ̀ jáde. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò san án, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbowó nìyẹn. Ẹni tó gbá yín pàápàá á sinmi, kò ní máa wá ẹni tí yóò yá a lówó kiri.

Third party tí ọlọ́pàá ń béèrè lójú títì, ọ̀pọ̀ wa kà á sí owó orí, wọ́n ń rà á kí wọ́n má bàa dá wọn dúró ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ẹni tó rà á ni ìjọba ṣe sọ ọ́ di dandan. Torí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe ni. Láti 1945, nígbà òyìnbó, ni òfin àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ ti wà, ikú àti ìfarapa ló sì dá lé. Òfin 2003 ló fi dúkìá kún un, ó ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦1,000,000. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ínṣọ́ránsì, gbé owó tí ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀ ń san láti ₦5,000 sí ₦15,000, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n lè san fún dúkìá ẹni tí ó bá gbá dé ₦3,000,000. Ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di ₦5,000, pẹ̀lú ₦2,000,000 fún dúkìá. Ariwo owó tó gbówó lórí nìkan la gbọ́ nígbà yẹn, ta ló pariwo ₦3,000,000? Ní oṣù Kejì 2025 ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú un káàkiri Nàìjíríà, nígbà tó sì yá lọ́dún kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003. Dandan náà ṣì wà síbẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbá yín, ẹ fi fóònù ya àwòrán ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó kúrò lójú kan. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì rẹ̀ àti nọ́ńbà orí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹnìkan tó rí i. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ má tíì tún ọkọ̀ náà ṣe títí tí ilé-iṣẹ́ á fi rán èèyàn wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá gba ₦10,000 lójú títì, tó sì fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ìyá kan wà láàrin wa tó ń ta èlùbọ́. Wọ́n gbá Sienna tó fi ń kó ọjà láti ẹ̀yìn. Kò gbọ́ ti àwọn tó ní kó má dààmú ara rẹ̀, ó tọ ilé-iṣẹ́ náà lọ títí wọ́n fi san owó àtúnṣe. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí ọkọ̀ náà tó jáde ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ tó ń háyà láti kó ọjà sì jẹ èrè rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún un nínú owó ọkọ̀ háyà yẹn.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù nìyí. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham ní London mọ̀ pé bí wọ́n bá gbá èèyàn lọ́hùn-ún tí kò jẹ̀bi, ilé-iṣẹ́ kan lè fún un ní ọkọ̀ mìíràn láti máa lò, kí wọ́n sì lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ínṣọ́ránsì ẹni tó jẹ̀bi. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, ìyẹn Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, dájọ́ pé tálákà tí kò lówó lọ́wọ́ láti háyà ọkọ̀, tó wá gba a ní àwìn, kò yẹ kí ó pàdánù torí pé àwìn wọ́n jù. Lọ́dọ̀ wa níbí, third party kì í fún ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ àfirọ́pò.

Síbẹ̀, òfin Nàìjíríà kò ní kí a gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó gbá yín jẹ yín ní gbèsè ohun tí ẹ pàdánù nígbà tí ọkọ̀ kò sí. Ilé ẹjọ́ ló máa ń fẹ́ ẹ̀rí tó dájú, wọn kì í gba “ó tó báyìí.” Nítorí náà, ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo ọkọ̀ tí ẹ bá háyà. Awakọ̀ takisí, ẹ máa kọ iye tí ẹ ń pa lójúmọ́ sínú ìwé kékeré kan, kó tó di ọjọ́ ìjàǹbá. Rìsíìtì yẹn wúlò níwájú àwọn àgbà àdúgbò pàápàá, kó tó di ilé ẹjọ́.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká comprehensive, kí ó béèrè kó tó sanwó bóyá owó ọkọ̀ àfirọ́pò wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ mélòó. Ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Láti 2023, NAICOM ní comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀, ìyẹn ₦200,000 lórí ọkọ̀ ₦4,000,000. A mọ̀ pé ó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní àbá méjì fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Èkínní, kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mú ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀ wá, kí a jọ tẹ *565*11# lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni, torí ayédèrú kún ìgboro, àwa náà sì lè gbá ẹlòmíràn. Èkejì, kí àwọn awakọ̀ wa dá àjọ díẹ̀díẹ̀, tí a ó fi máa háyà ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n gbá tí kò jẹ̀bi, kó dá a padà nígbà tó bá gba owó rẹ̀. Iye tí oníkálukú yóò dá, ìpàdé ni yóò sọ.