Ẹ Má Pa Sólà Tán Kí Ẹ Tó Lọ

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ máa ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ o. Lọ́dún 2022 tí èmi náà lọ lo oṣù márùn-ún, mo pa gbogbo sólà ilé wa ní Ìbàdàn, títí kan wáyà tó ti orí òrùlé wá. Ọgbọ́n ni mo pè é! Nígbà tí mo dé, bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Bátìrì olómi tí a kò lò pàápàá, iná inú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá pẹ́, nǹkan funfun bí iyọ̀ a dì mọ́ òjé rẹ̀. Ẹ pa ínfátà àti fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì máa bọ́ bátìrì. Kí ẹnìkan sì máa bu omi bátìrì sí i bó bá fà, kì í ṣe omi kànga o.