Ọjọ́ Igi ní ilé-ẹ̀kọ́ wa: ta ló ni ín, àwọn ọ̀gá ni àbí àwọn ọmọ?

Bí oṣù kẹfà bá ti ń wọlé, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́ kìíní oṣù náà, 1er juin, ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Igi jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ọdún 1985, nígbà ìjọba Kérékou. Àwọn ará Tógò náà ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á ta bâche sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á to àga, maire á dé, àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts á kó ọmọ igi wá. Ọ̀gá kan á gbin igi kan, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọ káákì, tí wọ́n ti dúró sínú oòrùn láti àárọ̀, á pàtẹ́wọ́. Ó tán nìyẹn.

A ò bú ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ibẹ̀ lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Mélòó ló kù? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ihò ni ẹ ó bá, pẹ̀lú igi gbígbẹ méjì mẹ́ta.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa ò dáa. Kàlẹ́ńdà ló ń pa igi. Òjò wà lóṣù kẹfà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àsìkò ìdánwò ni: CEP, BEPC, BAC. Lẹ́yìn ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ á tì, ó di oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ tó háyà yàrá nítorí CEG á padà sí abúlé wọn. Ewúrẹ́ nìkan ló kù nínú ọgbà. Igi tó bá bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́, ọyẹ́ ń dúró dè é. Lágbègbè Ṣábẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ta ló máa bomi rin igi tí maire gbìn? Ti ìjọba ni. Ohun tó bá sì jẹ́ ti ìjọba, gbogbo wa mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀.

Ní 2013, ìjọba Boni Yayi gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní «10 millions d'âmes, 10 millions d'arbres», pé èèyàn mílíọ̀nù mẹ́wàá, igi mílíọ̀nù mẹ́wàá. Orúkọ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n iye tí a máa gbìn ló ń sọ, kò sọ iye tó máa yè.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí wọ́n gbé ọjọ́ náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kì í ṣe ká fún wọn ní orin kọ, ká fún wọn ní ewì kà fún àlejò. Kí wọ́n ṣe é, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Oṣù kẹta ni iṣẹ́ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù kẹfà. Òfin tó ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ti wà láti oṣù kejìlá 2017, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn kíláàsì: ọ̀rá omi kún ibẹ̀. Kí àwọn ọmọ ṣà á, kí wọ́n lu ihò sí ìdí ẹ̀, kí wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, kí wọ́n sọ kóró sínú ẹ̀. Kajú tí wọ́n bá gbìn lóṣù kẹta á ti tó gbìn sílẹ̀ lóṣù kẹfà. Kóró máńgòrò ńkọ́? Lóṣù kẹrin, ojú ọ̀nà ni à ń jù ú sí. Ọgbà mọ́, igi wà, kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀. Ọmọ tó ti ń wo kóró kan láti ọjọ́ tó ti la ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lọ́kàn jù ni ti àwọn ọmọ fúnra wọn. Ẹ wo CEG kan ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀: ọmọ Nàgó wà níbẹ̀, ọmọ Fọ̀n, Mahi, Ọ̀họ̀rí, Fúlàní. Ọmọ terminale kì í bá ọmọ sixième sọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Ẹ so wọ́n pọ̀ méjì méjì, àgbà kan, kékeré kan, igi kan. Àgbà á gba BAC lọ sí Kútọnu tàbí Calavi, kékeré á ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Tó bá di ọdún tirẹ̀, òun náà á mú kékeré mìíràn. Igi náà ò ní di aláìlólówó. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà nítòsí ni kó máa bójú tó o nínú ìsinmi, kí wọ́n yàn wọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tì.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ewúrẹ́ ta ni? Ti ìyá àwọn ọmọ yìí kan náà ni. Bí directeur bá ní kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ìjà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wí fún ìyá ẹ̀ nílé pé «Màmá, igi tèmi ni ewúrẹ́ yín jẹ o», ìyẹn yàtọ̀. Kí wọ́n sì pe àwọn bàbá àgbà wá, àwọn tó mọ ìdí tí a kì í fi gé igi nínú igbó orò. Ìwé nìkan kọ́ ló ń kọ́ni.

Ohun kan tún wà tí a ò lè gbójú fò. Níbi tí kàǹtíìnì bá wà, igi ni wọ́n fi ń dáná. Àwọn ará ìlú ló ń wá a, nígbà míì àwọn ọmọ ló ń rù ú wá. Lónìí a ní kí wọ́n gbin igi, lọ́la a ní kí wọ́n gbé igi ìdáná wá. Àwọn ọmọ rí i. Tí ọjọ́ náà bá jẹ́ tiwọn lóòótọ́, wọ́n á béèrè nípa ẹ̀ níwájú maire, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Àwọn òbí kan á ní àwọn ò rán ọmọ wá ṣe oko. Wọn ò jẹ̀bi. Púpọ̀ nínú wa rántí ìgbà tí a lọ ro oko olùkọ́, tí a pọn omi sílé ẹ̀. Nítorí náà, kí APE wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pín iṣẹ́, kí ó má sì jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin nìkan ni yóò máa gbé bẹ́séènì omi lérí. Omi tí wọ́n fi fọ ọwọ́ ní kàǹtíìnì tó fún igi púpọ̀.

Tí àwọn directeur wa bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún yìí, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ bâche náà kí ọ̀gá tó gba maïkì. Kí wọ́n sì pe maire náà padà wá lóṣù kejì, láìsí bâche, láìsí fọ́tò, kí òun àti àwọn ọmọ jọ ka èyí tó yè.