Ajá Dìgbòlugi àti Ẹ̀bi Alájá

Bí ajá bá bu ọmọdé jẹ ní abúlé, asọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bàbá ọmọ a bi alájá léèrè ìdí tí kò fi so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alájá a ní ọmọ ni ó kọ́kọ́ sọ òkò. Àwọn àgbà a sì dá sí i títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó bu omi sí ojú ọgbẹ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá sì rántí rẹ̀, epo àti ewé ni wọn a fi dí i.

Àṣà yìí burú púpọ̀. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àrùn dìgbòlugi ń gbé. Bí ó bá ti gba ojú ọgbẹ́ wọlé, iṣan ìmọ̀lára ni ó ń tọ̀ lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta nígbà púpọ̀ kí àmì rẹ̀ tó hàn. Ọgbẹ́ a ti jinná, ọmọ a máa ṣeré, gbogbo ilé a sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba aláìsàn lẹ́rù, tí ọ̀fun rẹ̀ sì ń sún kì bí ó bá fẹ́ mu ún, ó ti pẹ́ jù. Àti adáhunṣe àti dókítà, agbára káká ni wọ́n fi lè rí ohunkóhun ṣe.

Àkókò tí àrùn náà fi wà lọ́nà yìí ni àyè ìwòsàn. Ní ìlú Paris, ní oṣù Keje 1885, a gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá ti bù jẹ níbi púpọ̀, ní abẹ́rẹ́ tí Louis Pasteur ṣe, lọ́jọ́ dé ọjọ́, ó sì yè. Ọ̀nà náà kò tíì yí padà: kí á fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ náà pé, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Kì í ṣe ajá tí ń sáré kiri, tí ń bu igi jẹ, nìkan ni ó ní àrùn yìí. Òmíràn wà tí ó dákẹ́: àgbọ̀n rẹ̀ a rọ, itọ́ a máa kán, kò sì ní lè gbé nǹkan mì. Ọdẹ aláàánú a rò pé egungun há a lọ́fun, a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àgbẹ̀ kì í sábà wà láìní ojú egbò.

Nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń pa, bí 99 ni ó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Ilé ènìyàn sì ni ajá ti ń jáde. Alájá tí ń ra ẹ̀tù ìbọn ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ní owó abẹ́rẹ́ ajá pọ̀ jù, òun ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹran rẹ̀. Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà ràn mọ́. Baálẹ̀ tí ń parí asọ̀ ajá lè kọ́kọ́ béèrè ìwé abẹ́rẹ́ kí ó tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n so ajá tí ó bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ náà fi pé, kò sí kòkòrò náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bu ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ náà.