Igbó Kì í Ṣe Ààbò Ara

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa, ní agbègbè Ọbáfẹ́mi títí dé Ifo, tí kò yẹ kí àwa tí a mọ̀wé dákẹ́ sí. Wọ́n ní igbó a máa lé ibà àti òtútù. Pé ẹni tí ó bá rẹ ẹ́ sínú ògógóró mu, àìsàn kì yóò rí i gbé ṣe. Irọ́ ni.

Nínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù ni àwọn ọmọ-ogun ara wà, tí ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ní ọdún 1964, Gaoni àti Mechoulam ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì yọ THC, èròjà tí ń pa ènìyàn bí ọtí, jáde láti inú igbó. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní Cambridge rí i pé ojú ibì kan wà lára àwọn ọmọ-ogun yìí tí irú èròjà bẹ́ẹ̀ ń wọ̀, bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ àgádágodo. Nínú ìdánwò, bí ó bá ti wọ̀ ọ́, ìjà wọn a sábà máa dẹwọ́.

A kò ní tìtorí pé a fẹ́ dẹ́rù ba ọmọdé kí a fi òtítọ́ pamọ́. Ìdẹwọ́ yìí lè ṣàǹfààní fún ẹni tí ọmọ-ogun ara rẹ̀ kẹ̀yìn sí ọ̀tá tí ó ń dojú ìjà kọ onílé. Nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni olóògbé Gómìnà Akeredolu ti Ondo ṣe lọ sí Thailand ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà wọ̀n fún aláìsàn kò bá èéfín ẹ̀yìn gáréèjì tan.

Ẹ wo ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1997, fi hàn pé ọmọ-ogun inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń mu igbó kò lè pa kòkòrò bí ti àwọn tí kì í mu ún. Ewé tí kò gbẹ dáadáa a sì máa bu. Èyí tí ó hù sí i lára a bá èéfín wọlé, ewu ńlá ni fún ẹni tí ó ní kòkòrò HIV. Ní ilẹ̀ tí ikọ́ ife ṣì ń pa ènìyàn, ta ni ó yẹ kí ó máa gba idà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀?

Òfin ọdún 1966 fi ikú halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá gbin igbó. Síbẹ̀, ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2019 ka mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn tí ó lò ó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin olùkọ́, wèrè nìkan ni ẹ sábà máa ń fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá sì rí amugbó tí orí rẹ̀ pé, kì yóò gbà yín gbọ́ mọ́. Ẹ kọ́ wọn ní ti ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ náà sì lọ sí àwọn ibùdókọ̀ Mowe àti Ibafo, kí wọ́n wí fún ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì pé ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn ìjọba.